Àbẹ́là Ojú Fóònù Ìyá Alphonsine

Élodie kò rí irú rẹ̀ rí. Fóònù tuntun, okùn iná tuntun, síbẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá pe ìyá àgbà rẹ̀, fóònù ti kú. Láàárọ̀, ó ti kú. Lọ́sàn-án, ó ti kú. Kí ló ń pa á?

Bẹ́ẹ̀ Élodie fúnra rẹ̀ ló ṣe ojú fóònù náà lọ́ṣọ̀ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Djègan-Kpèvi: àwòrán tó máa ń mira lójú fóònù tí wọ́n bá fi í síná. Oní-sémìjàn tó ń fi alùpùpù kérò á ní alùpùpù ni òun fẹ́, kó máa sáré bí iná ṣe ń wọlé. Élodie á ya àwòrán rẹ̀ lọ́pọ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á tò wọ́n tẹ̀ léra, alùpùpù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Fún Ìyá Alphonsine, ìyá àgbà rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ paraku, àbẹ́là funfun ló yà, tí iná orí rẹ̀ ń jó lẹ́lẹ́. Ìyá rí i, ó pàtẹ́wọ́. "Ọmọ yìí, orí ẹ pé o!"

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Títílayọ̀, ẹ̀gbọ́n Élodie, wà ní Libreville pẹ̀lú oyún tó ti gbó. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí, ẹ̀rù sì ń bà á burúkú. Ó ti búra pé òun kò ní wọ yàrá ìgbẹ̀bí láìgbọ́ àdúrà lẹ́nu ìyá àgbà. Ìgbàkigbà ni ọmọ lè dé. Ó pè, pè, pè, kò wọlé. Ló bá pe Élodie, ó bú sẹ́kún. "Àbí inú ń bí Ìyá sí mi ni?"

Élodie ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó di ilé Ìyá. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń bó ọsàn bí ẹni tí kò wá nǹkan kan, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù.

Ìyá ki okùn bọ iná. Àbẹ́là yọ. Ìyá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń gbàdúrà fún Títílayọ̀. Nígbà tó ṣe àmín, ó dìde, ó tún ìró ró, ó fẹ́ lọ ra ẹ̀kọ lọ́dọ̀ Prisca. Kó tó jáde, ó fa okùn yọ.

"Ìyá! Ẹ ṣe yọ ọ́?"

"Ta ní í fi àbẹ́là sílẹ̀ kó máa jó, kó jáde nílé? Ṣé o ti gbàgbé ilé Gabriel aládùúgbò wa ni? Àbẹ́là kan ṣoṣo ló sọ ọ́ di eérú."

"Ìyá, àwòrán mà ni!"

"Mo mọ̀ pé àwòrán ni, ojú mi kò fọ́. Àdúrà tí mo gbà sí i ńkọ́? Ìyẹn náà, ṣé àwòrán ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Élodie, omijé fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Áà, àṣé iṣẹ́ ọwọ́ òun ló ń pa fóònù! Ojú ẹsẹ̀ ló fa fóònù tirẹ̀ yọ, ó ya ìkòkò lábẹ́ ẹ̀rọ omi, tí omi inú rẹ̀ ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, ó fi í sójú fóònù Ìyá, ó sì tún ki okùn bọ iná.

Ìyá wò ó, ó yí orí sọ́tùn-ún, sósì. "Ó dáa. A kì í gbé ìkòkò kúrò nídìí ẹ̀rọ nígbà tí kò tíì kún." Ó pa ẹ̀kọ rírà tì, ó jókòó tì í títí omi fi kún dé ẹnu.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù dún. Títílayọ̀ ni. "Ìyá, wọ́n ti fẹ́ gbé mi wọlé."

"Àṣegbé kọ́, àṣelà ni, ọmọ mi! A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ!" Ìyá gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há.

Nírọ̀lẹ́, fóònù tún dún. Ẹkún ìkókó ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Élodie fò sókè, Ìyá sì sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tó nu ojú tán, ó na fóònù sí Élodie. "Dá àbẹ́là mi padà. Mo fẹ́ dúpẹ́."

"Ìyá, ẹ ó tún fà á yọ?"

"Rárá o. Kó máa jó." Ó ti ń wọ aṣọ funfun rẹ̀. "Èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ jókòó tì í."

Élodie jókòó tì í.