Pátákó Ọrùn Ìrètí

3.

…tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ náà ni inú fi run Ìrètí, ọmọ ọdún mẹ́wàá, nínú kíláàsì. Ó ń làágùn, ó dákẹ́. Ó fi ìgúnpá ti inú mọ́lẹ̀, ó dákẹ́. Ìgbà tó ṣubú lulẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀.

Bẹ́ẹ̀, Ìrètí kò yadi o. Ẹ bi Monísọ́lá, ìyá rẹ̀, tó ń dáko kòkó àti ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ìsẹ̀. Ọmọ yẹn máa ń ro ẹjọ́ títí oorun yóò fi gbé e lọ.

4.

ÌKÉDE
*(Lára ògiri ilé ìwé aládàáni tí Ìrètí ń lọ n'Ìkẹ́rẹ́. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ohun tó wí nìyí.)*

COMB: a kì í pe *b*.
PLUMBER: *b* tibẹ̀ náà, ẹ fi sílẹ̀.
WEDNESDAY: ẹ gbé *d* àkọ́kọ́ mì.
STOMACH: kì í ṣe "sítọ́máàṣì". "Sítọ́mọ́ọ̀kì" ni.

ẸNI TÓ BÁ ṢÌ Í PÈ YÓÒ GBÉ PÁTÁKÓ KỌ́RÙN.
ẸNI TÓ BÁ SỌ YORÙBÁ YÓÒ GBÉ E KỌ́RÙN.
Kò ní bọ́ ọ títí yóò fi mú ẹlòmíràn. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí a bá jáde yóò gbé e délé.

5.

Ohun tí wọ́n kọ sára pátákó náà lóyìnbó:

N KÒ MỌ̀ Ọ́N PÈ

Ọ̀sẹ̀ yẹn, ọrùn Ìrètí ló ń sùn sí. Àwọn yòókù mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ẹnu ara wọn kí wọ́n lè gbé e kọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn. Ìrètí kò lè ṣe é. Ó ní àánú wọn ń ṣe òun. Lórí ọ̀kadà tó ń gbé e lọ sílé, pátákó á máa gbá a láyà, àwọn èèyàn oríta á máa rẹ́rìn-ín.

6.

Kò sí 6. Mo kọ ọ́, mo ya á. Èébú ló kún inú rẹ̀.

7.

*(Pẹ̀lúmi ló ń jókòó ti Ìrètí ní kíláàsì. Monísọ́lá gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù.)*

MONÍSỌ́LÁ: Ọ́ńkù Victor tó ń kọ́ yín, ṣé ó rí i pé ara Ìrètí ò yá?
PẸ̀LÚMI: Wọ́n rí i, mà. Ìrètí na ọwọ́. Wọ́n ní kó sọ ohun tó fẹ́.
MONÍSỌ́LÁ: Kí ló sọ?
PẸ̀LÚMI: Ó ní "My…" Ó wá wo àyà ara rẹ̀, níbi tí pátákó wà. Ó jókòó.
MONÍSỌ́LÁ: Ìwọ ńkọ́? O ò lè bá a sọ ọ́?
PẸ̀LÚMI: Èmi náà ò mọ̀ ọ́n pè, mà.

8.

Apẹ́ńdísì ló bẹ́ sí i nínú. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un l'Adó ní ká ní wọ́n tètè sọ ni.

Ká ní wọ́n tètè sọ! Ta ni kó tètè sọ? Inú bí Monísọ́lá.

9.

*(Wátsáàpù, láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé)*

Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn, Màmá Ìrètí. Olúwa á wo ọmọ wa sàn 🙏🙏🙏
Ẹ jọ̀wọ́ mà, pátákó tó wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ ọsibítù ṣì wà lọ́dọ̀ yín. Ìdánwò ìwọlé sẹ́kọ́ńdìrì ti sún mọ́lé.

10.

Monísọ́lá kọ èsì, ó pa á rẹ́. Ó kọ òmíràn, ó pa á rẹ́. Ó dìde, ó lọ mú pátákó nílé, ó gba ìpàdé àwọn òbí lọ.

11.

MONÍSỌ́LÁ *(ohùn Èkìtì ti yọ lẹ́nu rẹ̀)*: Ẹ wò ó. Pátákó yín rè é. Ulé mi ni ọmọ yìí ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, unú mi ló ti jáde. Unú ń run ún, ẹ̀rù ẹnu ara rẹ̀ ń bà á! Kí ló ṣe yín?
FÁMÚYÌWÁ *(alága àwọn òbí)*: Màmá Ìrètí, ẹ ṣe sùúrù. Gbogbo wa la bá yín kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la jọ fọwọ́ sí pátákó yìí lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀yin náà na ọwọ́.
MONÍSỌ́LÁ: Mo nà á. Mo ti ká a kò.
VICTOR: Mà, èmi náà gbé irú rẹ̀ kọ́rùn rí. Òun ni wọn ò fi fi mí rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé Èkó.
MONÍSỌ́LÁ: Wọn ò fi ọ́ rẹ́rìn-ín, o wá ń fi ọmọ mi rẹ́rìn-ín!
OHÙN KAN LẸ́YÌN: Ìdánwò ńkọ́?
FÁMÚYÌWÁ: Ó dáa. Ẹni tó bá ní ká gbé pátákó yìí sọnù, kó na ọwọ́.

12.

Ọwọ́ kan.

13.

Ojú ò tì wọ́n. Mo tún un sọ: ojú ò tì wọ́n. Àwọn tó gbé ọbẹ̀ lọ fún aláìsàn l'Adó wà níbẹ̀, wọ́n káwọ́ sórí itan. Victor fi áńkáṣífù nu eruku ara pátákó, ó sì fi í kọ́ ìṣó padà.

14.

Nígbà tí Monísọ́lá padà dé ọsibítù, ara Ìrètí tún ti gbóná. Ọmọ náà ki etí aṣọ ìbora bọ ẹnu, ó ń gé e jẹ.

Mercy, nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Ìrètí, níbo ló ń dùn ẹ́? Sọ fún mi kí n lè pe dókítà."

Yorùbá ni nọ́ọ̀sì sọ. Ọmọ náà tún gé etí aṣọ náà jẹ.

"Ojú abẹ ni?" Monísọ́lá jókòó tì í. "Àbí unú lọ́hùn-ún ni? Fọhùn, ọmọ mi. Sọ ọ́ bí a ti ń sọ ọ́ nulé."

Ìrètí wo nọ́ọ̀sì. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó fa ọrùn ìyá rẹ̀ mọ́ra, ó sì rọra bi í létí:

"Màámi, báwo ni wọ́n ṣe ń pe unú lóyìnbó?"