Àpá Tí Fóònù Pa Rẹ́

Láràárọ̀, kí ó tó bọ́jú, fóònù ni ó kọ́kọ́ máa ń gbé. Kì í ṣe iye èèyàn tó wo fótò rẹ̀ ló ń wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pọ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ló ń wá láàárín wọn: Bàbá Mi. Tó bá ti rí i pé bàbá òun ti wo státọ́ọ̀sì òun, á mí kanlẹ̀, á gbé fóònù sílẹ̀, á wá lọ bọ́jú.

Bí àwọn méjèèjì ṣe ń kí ara wọn nìyẹn o. Láti ọjọ́ tí bàbá ti sọ pé ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ kò ní bá a kalẹ́, tí òun náà sì fi ìbínú gbé báàgì rẹ̀ jáde, kò sí ẹni tó pe ẹnì kejì. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, à á fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Bàbá yìí na tirẹ̀ tán, ó gbàgbé pé òun ní ọwọ́ ọ̀tún. Ọmọ náà kò sì sún mọ́ ibi tí ọwọ́ lè tó o. Bàbá ń wò, ọmọ ń fi hàn. Àgbàlagbà méjì tó ń ṣeré bojúbojú!

Iṣẹ́ mékáàpù ló ń ṣe. Ó gba yàrá kékeré kan sí ojú títì, ó gbé dígí ńlá sí ara ògiri, ó to iná yí i ká, ó wá gbé àga gíga kan síwájú rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Àǹtí Ẹwà, nítorí Ẹwàòlópin ni orúkọ tó ń jẹ́ lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ojú oorun wọlé á fi ojú ayaba jáde.

Ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ lápàá. Ó gùn láti òkè ojú òsì dé ẹ̀bá irun. Nígbà tó wà ní kékeré, ó ń ṣeré lábẹ́ tábìlì tí bàbá rẹ̀ ti ń tún aago ṣe, ni irin kan bá já lu iwájú orí rẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Wọ́n wí bẹ́ẹ̀ kí fóònù tó dé ni. Bó bá ya ara rẹ̀ tán, á fi ìka tẹ ibì kan, ojú á sì máa dán bíi ti ọmọ tuntun. Àpá á lọ, oorun tí kò rí sùn náà á lọ. Ó ní ta ni yóò gbé ojú rẹ̀ lé ẹni tí ojú tirẹ̀ lápàá lọ́wọ́?

Irọ́ kejì wà níbẹ̀, òun ló sì wúwo jù. Ọkọ tí bàbá ní kò ní bá a kalẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Kò lù ú, kò bú u. Ó kàn ní òun ò ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n lórí státọ́ọ̀sì, ọkọ ń bẹ digbí. Fótò àtijọ́ ló ń yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi orin ìfẹ́ sí i, á kọ "Olówó orí mi" sábẹ́ rẹ̀. Nítorí kí ni? Kí bàbá má baà rí ibi sọ pé, "Mo wí, o ò gbọ́." Ó wù ú kó lọ sílé. Ìtìjú ni kò jẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kò rí orúkọ yẹn. Ó ní bóyá bàbá kò tíì jí ni. Ó ń kun ojú oníbàárà, ó ń yọjú sí fóònù. Ọ̀sán pọ́n, kò sí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò sí. Oníbàárà tó wà lórí àga ní, "Àǹtí Ẹwà, ẹ ti kun ojú ọ̀tún mi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò sì tíì dé ti òsì." Ó pe bàbá, fóònù ò lọ. Ó bẹ oníbàárà náà, ó parí ojú òsì, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó wọkọ̀.

Ilé náà kò yí padà. Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Alágbàfọ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà. Bàbá jókòó nídìí tábìlì iṣẹ́, lẹ́bàá fèrèsé. Aago kún ara ògiri, kò sì sí èyí tó ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà á, nítorí nínú ilé yìí, ariwo aago kì í jẹ́ kí àlejò sùn.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ohun tí yóò sọ. Bàbá gbójú sókè, ó kọjú sí i gan-an.

"Ta nìyẹn? Ṣé aṣọ lẹ wá gbà? Alágbàfọ̀ ò sí nílé o, ọmọ rẹ̀ ló bímọ."

Ó rò pé ìbínú ni, pé bàbá ń ṣe bí ẹni tí kò mọ òun. Ó dùn ún. Ìgbà tí bàbá wá na ọwọ́ sí ife omi, tí ọwọ́ náà ń táràrà lórí tábìlì kó tó kàn án, ni ó mọ̀.

"Bàbá, èmi ni." Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ọwọ́ bàbá dúró lára ife. "Ohùn yẹn," ó ní. "Tún un sọ."

"Èmi ni, bàbá mi. Kí ló ṣe yín lójú?"

"Ó ti lọ, ọmọ mi. Méjèèjì."

"Ṣebí ẹ̀ ń wo státọ́ọ̀sì mi láràárọ̀?"

"Alágbàfọ̀ ló ń bá mi ṣí i. Á ní, 'Bàbá, ó wọ aṣọ pupa lónìí, ó ń rẹ́rìn-ín.' Èmi á ní kó gbé e sí mi létí. Mo ní bó pẹ́ bó yá, wàá sọ̀rọ̀. Orin ni mo máa ń gbọ́, orin ẹlòmíì. Bó ṣe rìnrìn àjò báyìí, fóònù kú, mi ò sì mọ ibi tó fi okùn iná rẹ̀ sí."

Ó ti ń sunkún. "Ẹ ò lọ sí ọsibítù ni?"

"Mo lọ. Dókítà ní mo pẹ́. Ó ní ká ní mo tètè wá ni."

"Kí ló mú yín pẹ́?"

Bàbá kò fẹ́ sọ ọ́. Ó mú ìdè aago kékeré kan lórí tábìlì, irin bíńtín tí wọ́n fi ń de inú aago, ó ń yí i láàárín ìka.

"Fótò rẹ kan ni. Ìgbà yẹn mo ṣì ń ríran, èmi fúnra mi ni mo ṣí i. Mo wo iwájú orí rẹ, mi ò rí àpá yẹn. Gbogbo ojú rẹ rí bàìbàì. Mo ní háà, ojú mi ti ń lọ. Mo ní ilẹ̀ ọ̀la ò ní mọ́ bá mi nílé, ọsibítù yá. Mo wá fi han Alágbàfọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Bàbá, kò sóhun tó ṣe ojú yín. Bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń ṣe fótò nìyẹn, fóònù ló ń bá wọn nu ojú.' Inú mi dùn. Mo jókòó. Bí àwọn fótò rẹ tún ṣe ń ṣú sí i, mo ní fóònù ni. Ìgbà tí ó wá dé orí aago, tí mi ò rí ìdè mú mọ́, ó ti bàjẹ́."

Bí èèyàn bá ń purọ́ fún gbogbo ayé, kì í mọ ẹni tí yóò gbà á gbọ́. Nítorí oníbàárà ló ṣe ń fi ìka kan pa àpá rẹ́. Ó dùn ún wọ egungun.

"Èmi ni mo fà á," ó ní.

"Má sọ bẹ́ẹ̀. O ò mọ̀. Èmi náà, ṣebí ó yẹ kí n pè ọ́, kí n ní, ọmọ mi, àpá rẹ dà? Ìbéèrè kékeré bẹ́ẹ̀. Ìgbéraga ni ò jẹ́."

Ó nu imú. "Bàbá, ọkọ mi ti lọ. Ó ti pẹ́." Ó tẹ orí ba, ó ń retí "mo wí, o ò gbọ́."

"Sún mọ́ mi," bàbá ní.

Ó na ọwọ́ sí ojú rẹ̀. Ìka rẹ̀ kọ́kọ́ bá àtíkè àti omijé pàdé. "Kí ni gbogbo ẹrẹ̀ yìí?" ó ní, ó sì ń fi àtàǹpàkò nù ún kúrò díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń nu inú aago. Ìka náà gòkè, ó kan àpá, ó tọ̀ ọ́ lọ dé ẹ̀bá irun.

"Òun nìyí," ó ní. "Mo ti ń wá a."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bọ́jú kí ó tó gbé fóònù. Ó jókòó síwájú fèrèsé bàbá, kò tẹ ibi kankan tó ń nu ojú, ó sì sọ̀rọ̀ sínú fídíò kan fún státọ́ọ̀sì rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o. Ojú mi nìyí. Ọkọ mi ti lọ. Ilé bàbá mi ni mo wà, mò ń tọ́jú wọn." Kò pẹ́ tí ìbéèrè fi ń rọ́ wọlé: kí ló ṣe yín lójú, Àǹtí Ẹwà? Ìyàwó kan tó ti ní kó wá kun ojú òun ní òun ti rí ẹlòmíì.

Ó rí okùn iná lẹ́yìn àpótí, ó ti gba iná sí fóònù bàbá. Bàbá ní kó ṣí i fún òun.

"Ṣebí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbí, bàbá."

"Mo mọ̀. Gbé e sí mi létí."

Ó gbé e sí i. Bàbá tẹ́tí títí ó fi parí.

"Orin ńkọ́?" ó bi í.

"Kò sí orin, bàbá."

"Ó dáa," ó ní. "Tún un gbé sí mi létí."