Gbodo Orí Pánò

Ẹ wá bá mi rẹ́rìn-ín. Mìkáílù àbúrò mi, ọ̀gá onímọ́tò ní àdúgbò Zongo, ra pánò tó ń sọ oòrùn di iná, ó tò wọ́n sórí òrùlé, ó sì gé wáyà kúrán. Ó ní kúrán tí wọ́n ń fi gáàsì ṣe ní gúúsù lọ́hùn-ún ti darúgbó, kó lọ sinmi.

Mùsé Ajíbóyè, aládùúgbò wa tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ kúrán, yọ orí lókè ògiri. "Àlájì, oòrùn tiyín kì í wọ̀ ni? Ohun ìṣeré ọmọdé lẹ rà. Gáàsì ni baba iná."

"Baba tó ń sùn lójoojúmọ́," ni Mìkáílù fèsì.

Àkùkọ méjì lórí ààtàn kan.

Ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, Mìkáílù lọ bá lèmọ́mù. Ó ní omi dídì tí gbogbo mọ́ṣáláṣí máa fi ṣínu lọ́jọ́ kìíní, ọ̀dọ̀ òun ló ti máa wá, oòrùn nìkan ló sì máa dì í. Lèmọ́mù kéde rẹ̀. Kò sẹ́ni mìíràn tó dì í mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, a ṣí àpótí tí omi ń dì nínú rẹ̀. Omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ abiyamọ. Òógùn bo àbúrò mi. Ó ní ẹni tó ta pánò ti rẹ́ òun jẹ. Mo ní kó gun àkàbà lọ wò ó. Ó gùn ún. Gbodo ló funfun báláú lórí pánò. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí Fàòsíyà, ìyàwó rẹ̀, máa sá iṣu síbẹ̀ kó di gbodo, pé ibẹ̀ ló gbóná jù. Ọlọ́gbọ́n. Ó fi iṣu di oòrùn lójú, ó wá ń retí iná.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí kọrin."

Mo kọ ọ́:

*Ọ̀kánjúà gòkè, ó sáṣu,*
*Iṣu gbẹ, iná kú,*
*Ta ní ó fi gbodo ṣínu?*

Ajíbóyè fa wáyà láti ilé rẹ̀ gba orí ògiri, ó ń yan bí ẹni tó bí iná lọ́mọ. "Àlájì, gáàsì dé." Omi ń tutù lọ. A ò tíì kírun ọ̀sán tán tí kúrán fi lọ. Ajíbóyè ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Fàòsíyà ti kó gbodo, ó ti nu pánò, oòrùn wá gbà á lọ́wọ́ kúrán. Nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀, kúrán padà wá bá a parí ẹ̀. Omi náà dì, bó tilẹ̀ fẹ́lẹ́.

Mìkáílù àti Ajíbóyè ló jọ gbé e dé mọ́ṣáláṣí. Lèmọ́mù bi Mìkáílù pé, "Ṣé oòrùn nìkan ló dì í?"

"Oòrùn ni," ó ní, "àti aládùúgbò mi."

Wáyà yẹn ṣì wà lórí ògiri. Gbodo wà nílẹ̀ lórí ẹní, ọ̀gá oòrùn ló sì ń fi ọ̀pá lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀. Èmi ń kọrin, mo ń pàtẹ́wọ́ fún un.