Oko Tí Kò Lámì

Ẹ má bá mi dá Gègé láre. Òun ló kọ eré tí mo fi ṣe ìdánwò àṣekágbá, òun náà ló sì kọ ọ́ láìfi àmì kan ṣoṣo sí i. Kò sí àmì ohùn, kò sí àmì abẹ́. Mo ní, "Gègé, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ka eléyìí?" Ó ní kọ̀ǹpútà òun ò ní àmì, pé ẹni tó bá gbọ́ èdè ìyá ẹ̀ á kà á.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ẹ̀ka wa nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ eré á kọ ọ́, wọ́n á gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣeré, ìyẹn á sì dá nìkan ṣe é lórí ìtàgé fún ogún ìṣẹ́jú. Ìdánwò yẹn nìkan ló kù fún mi. Bí mo bá yege, mo ti parí. Bí mo bá fìdí rẹmi, ọdún kan gbáko ni màá tún fi jókòó ti àwọn tí mo ṣíwájú wọn wọlé.

Obìnrin kan ló dúró lẹ́bàá títì nínú eré náà, báàgì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ìgbà mọ́kànlá ló sọ gbólóhùn kan: "Mo n duro de oko mi." Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Èèyàn kì í dúró de oko, oko kì í rìn. Ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko náà kì í rìn. Ọkọ ló kù, mo sì mọ ìyẹn dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí tí bàbá mi jáde nílé, tó ní òun ń lọ wá iṣẹ́. A ò gbúròó ẹ̀ mọ́. Aránṣọ ni màmá mi, títí di òní ni wọ́n ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ méjì ní ìparí oṣù, tí wọ́n á tún gbé wọn kọ́. Bí mo bá ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n tọrẹ," wọ́n á ní kí n panu mọ́, pé kí ni bàbá mi fẹ́ wọ̀ bó bá dé.

Nítorí náà, màmá mi ni mò ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń sunkún níwájú dígí, títí tí ẹni tá a jọ ń gbé yàrá fi ní kí n lọ rí dókítà. Báàgì yẹn, mo ti pinnu pé aṣọ ọkọ ló wà nínú ẹ̀. Gègé ò yọjú lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá pè é, á ní òun ń kọ òmíràn.

Ó ku wákàtí kan kí wọ́n pè mí lọ́jọ́ ìdánwò ló tó dé. Mo ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fún un. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ọkọ wo lò ń dúró dè?"

"Ọkọ mi. Èyí tó o kọ."

"Ọkọ̀ ni mo kọ. Ọkọ̀ akérò. Obìnrin yẹn ń filé sílẹ̀ ni. Ọkọ ẹ̀ wà nílé, ó ń hanrun."

Mi ò lù ú. Kí wọ́n kọ ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Mo jókòó sórí báàgì, mo bú u, mo bú kọ̀ǹpútà ẹ̀, mo bú ẹni tó rà á fún un. Olùkọ́ wa ti sọ pé ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn làwọn máa fi díwọ̀n mi. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Màmá mi sì ti jókòó sí ìlà kejì. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ tí mò ń kọ́ ní eré ọmọdé, ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù wá wò mí.

Mo jáde síwájú iná. "Mò ń dúró de ọkọ̀ mi." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Gbogbo ẹkún tí mo kó jọ ò wúlò mọ́, torí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ kì í sunkún, títì ló ń wò. Mo wo títì. Mo gbé báàgì, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mo gbàgbé ìlà méjì. Nígbà tó fi di ìgbà kọkànlá, inú ti bí mi débi pé igbe ni mo fi sọ ọ́.

Olùkọ́ kọ nǹkan sínú ìwé wọn. "O ò tíì mọ obìnrin yìí," wọ́n ní. "Máa bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀." Gègé yege o. Wọ́n ní ó kọ ọ́ dáadáa.

Màmá mi gba báàgì lọ́wọ́ mi, a forí lé ibùdókọ̀. Mo ro ẹjọ́ Gègé fún wọn lójú ọ̀nà, bó ṣe jẹ́ ọkọ̀, tí mò ń pè é ní ọkọ. Mò ń retí kí wọ́n ní àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. A dúró. Wọ́n ń wo títì.

"Èmi náà ṣì í pè," wọ́n ní. "Ọdún méjìlá."

Nígbà tí ọkọ̀ yọ, wọ́n ní, "Ọmọ tó kọ ọ́ yẹn, ṣé ó sanra?"

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo rí Gègé nínú ṣẹ́ẹ̀tì bàbá mi. Màmá mi ti gé apá ẹ̀ kúrú fún un. Ó sì bá a mu, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.