Kẹ́ẹ̀gì Díísù Abigail

"Ẹ má sítáàtì ẹ̀ o! Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sítáàtì ẹ̀!"

Ọwọ́ Sìkírátù ti wà lára kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Obìnrin kan ló ń sáré bọ̀ láti ìdí pọ́ńpù kejì nílé epo náà, kẹ́ẹ̀gì ńlá kan lọ́wọ́ rẹ̀, ata pupa ti ta sí gbogbo iwájú ẹ̀wù rẹ̀. Ó dé ojú fèrèsé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Díísù ni mọ́tò yín ń mu, àbí? Pẹtiróòlù lọmọ yìí rọ sí i o."

Ọmọbìnrin tó ń ta epo wo ọ̀pá pọ́ńpù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Mà, ẹ kàn ní kí n rọ ọ́ kún ni. Mọ́tò kékeré sì ni. Mi ò rí mọ́tò kékeré tó ń mu díísù rí."

Kò parọ́. Ní Ìkòtún, díísù jẹ́ ti tírélà, ti jẹnẹrétọ̀ ńlá àti ti ẹ̀rọ ìlọta. Sìkírátù kò tilẹ̀ lójú láti bá a wí. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń wa Píjò tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, kò sì fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ epo rí. Ní Àjàṣẹ́ tó ń gbé, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ẹnu ọ̀nà àdúgbò wọn ni Aasiyah alépo pàtẹ ìgò epo rẹ̀ sí. Bí Sìkírátù bá ti yà síbẹ̀, á ṣí ẹnu táǹkì, Aasiyah á ti àrọ bọ̀ ọ́, wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọn lọ. Aasiyah mọ mọ́tò náà bó ṣe mọ ẹni tó ni ín. Sìkírátù wá gbé ìwà ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ sọdá ẹnubodè, ó jókòó pa sínú mọ́tò nílùú onílùú, ó ní kí wọ́n rọ ọ́ kún!

"Kí ló dé?" ìyá rẹ̀ béèrè láti orí àga iwájú tí wọ́n dà sẹ́yìn fún un.

"Kò sí nǹkan, Ìyá."

Nǹkan wà. Lọ́la, aago mẹ́wàá àárọ̀, ni yìgì ọmọ Sìkírátù ní Àjàṣẹ́. Ìyá àgbà yìí ló tọ́ ọmọ náà dàgbà. Láti ọdún tó kọjá ló ti wà nílé Olúsànyà, àbúrò Sìkírátù, níbí ní Ìkòtún, torí ìtọ́jú ìbàdí. Ọmọ sì ti búra pé òun ò ní jókòó níwájú àlùfáà bí ìyá àgbà ò bá sí níbẹ̀. Ìbàdí náà kò gba bọ́ọ̀sì rárá. Àga tó ń sùn sẹ́yìn yìí nìkan ló gbà á.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Sìkírátù bi obìnrin náà.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ata ni mò ń lọ̀. Nígbà tẹ́ ẹ wọlé, mo gbọ́ ohùn mọ́tò yín, mo ní, ha, ẹ̀rọ mi ló tẹ̀lé mi débí yìí!"

Abigail lorúkọ rẹ̀, ará Èkìtì, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì jìnnà ju ilé márùn-ún lọ. Ó di ìyá àgbà mú, ó ń rọra mú un rìn bí ẹni pé ìyá tirẹ̀ ni, ó sì fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ òrùlé páànù ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn tó wà nílé epo ti mọ́tò, títí kan ọmọbìnrin tó rọ epo, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Godswill, mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

"Mummy, God don help you," ni Godswill wí, ó ti ń ki rọ́bà bọ táǹkì. "Tẹ́ ẹ bá ti sítáàtì ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ká kàn fà á gbẹ ni. Ẹ lọ wá díísù wá."

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kẹ́ẹ̀gì Abigail ló gba díísù tó kù nílé epo yẹn. Sìkírátù gun ọ̀kadà, ó gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan lé itan. Nílé epo àkọ́kọ́, wọn kì í tà á. Nílé kejì, ó tán lánàá. Ní Ẹgbẹ́dá, wọ́n ní ó di ọjọ́ Ajé. Ní Ìgándò, díísù wà, ṣùgbọ́n ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ síbi òkú. Nígbà tí yóò fi padà dé Ìkòtún, aago méjì ti kọjá, ó sì ti ń ro bí yóò ṣe sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

Abigail dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin márùn-ún ló tò síwájú rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ata, torí Sátidé ni gbogbo àdúgbò ń lọ ata ọbẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi.

"Ẹ̀rọ ti bàjẹ́ o," ló ń sọ fún wọn. "Ẹ máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́ọ̀ṣì."

"Lónìí Sátidé? Ìwọ náà!" Ọ̀kan kùn títí tó fi gbé abọ́ rẹ̀ lọ.

Abigail yíjú sí Sìkírátù. "Kò sí níbì kankan, àbí? Ẹ wò ó, ẹ̀rọ mi ti kọṣẹ́. Kí ni mo fẹ́ fi díísù ṣe títí di ọjọ́ Ajé? Ẹ gbé e jàre."

Sìkírátù kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó kún fún omi ata. Abigail fà á dìde kíákíá. Iye tó ra epo náà ló gbà, kò fi kọ́bọ̀ lé e.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ ti ẹ̀rọ o," ni Sìkírátù wí.

"Ẹ ṣeun. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bá wa kí ìyàwó."

Godswill rọ ọ́ sínú táǹkì, ó fọwọ́ tẹ pọ́ńpù kékeré tó ń fa epo wọ ẹ́ńjìnnì, mọ́tò húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dáhùn. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́.

Wọ́n ti wọ ọ̀nà Ìjẹ̀gùn, Sìkírátù ń yà fún kòtò lọ́tùn-ún lósì, kí ìyá rẹ̀ tó sọ̀rọ̀.

"Obìnrin yẹn ṣe é o."

"Ọlọ́run ló yọ wá, Ìyá. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ ò bá bàjẹ́ ni, ibo là bá ti rí díísù?"

"Ẹ̀rọ wo ló bàjẹ́?"

"Ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ ni."

Ìyá àgbà yí orí sí i. "Ẹ̀rọ tó ń lọ ata níwájú mi láti ìgbà tó o ti lọ? Ariwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dí mi létí. Nígbà tí ọ̀kadà rẹ yọ lókèèrè, tó rí i bó o ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo lé itan, ló lọ pa á."

Sìkírátù tẹ bíréèkì. Ó ti ń wo ibi tí yóò ti yí mọ́tò padà.

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣé o fẹ́ lọ sọ fún àwọn aláta yẹn pé irọ́ ló pa ni?"

Sìkírátù rántí pé òun ti kí Abigail pẹ̀lẹ́ ti ẹ̀rọ, tí Abigail sì gbà á, tó tún dúpẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ìbòrí rẹ̀ nù ún. Lábẹ́ wọn, mọ́tò ń dún kù-kù-kù. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gbọ́ ariwo yẹn, kò tẹ́tí sí i rí. Ohùn ẹ̀rọ ìlọta ni lóòótọ́, ti Ìkòtún sì ti dákẹ́ kí èyí lè máa dún.

Ó fi mọ́tò sí jíà. Ó rọra ń wà á lọ, kí kòtò má baà dun ìyá rẹ̀ ní ìbàdí.