Ilé Tí Wọ́n Tú Palẹ̀, Tí Wọ́n Tún Tò

Nígbà tí àìsàn ìgbàgbé mú Bethany, Yorùbá ló kọ́kọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó kọ́ ní Ìwó, níbi tó ti máa ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ tí gbogbo agboolé á fi máa pàtẹ́wọ́ fún un, ó pòórá pátápátá. Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e. Nígbà tó fi máa di ìgbà òtútù, èdè Tàgálọ́ọ̀gì tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà ní Philippines nìkan ló kù, Tàjùdéèn ọkọ rẹ̀ kò sì gbọ́ ju ẹyọ gbólóhùn kan lọ nínú rẹ̀.

"Uwi na tayo." Jẹ́ ká máa lọ sílé.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí iná ṣọ́ọ̀bù bá ti ń tàn ní Rye Lane nísàlẹ̀, ní Peckham ìlú Lọ́ńdọ̀nù, Bethany á wọ kóòtù, á gbé báàgì kọ́ apá, á lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn fúláàtì wọn. Á wo ojú ọkọ rẹ̀, á sọ ọ́. Tàjùdéèn á ní, "Lọ́la, Bẹ́tì mi. Lọ́la la máa lọ," á rọra bọ́ kóòtù lára rẹ̀. Kò dájú pé ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ohùn yẹn máa ń rọ̀ ọ́ lọ́kàn. Á jókòó, á jẹun. Lọ́la yẹn ni wọ́n fi ń gbé ayé.

Ilé tó ń wí, inú fọ́tò ni Tàjùdéèn ti mọ̀ ọ́n: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì létí odò, òkúta nísàlẹ̀, pákó lókè, tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣe gíláàsì bí kò ṣe ìkarahun òkun tó fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kò débẹ̀ rí. Nígbàkigbà tí àyè ìsinmi bá yọ, Ìwó ni wọ́n ń lọ, Bethany kì í sì í jà sí i. Ìgbà tó yá ni wọ́n gbọ́ pé Jabez, àbúrò rẹ̀, ti ta ilé náà. Wọ́n rò pé ẹni tó rà á ti wó o ni.

Rahmah ọmọ wọn ló rí i lórí fóònù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé láti Forest Hill, kò tíì bọ́ bàtà.

"Daddy, ẹ wò ó. Wọn ò wó o. Ọkùnrin olówó kan ló tú u ní pákó-pákó, ó lọ tún un kọ́ sétí òkun. It's like a resort. Old houses ló kún ibẹ̀, wọ́n kó wọn wá láti everywhere. Ẹ wo stairs yẹn. Mum's house nìyẹn, wallahi."

Tàjùdéèn gba fóònù, ó sún un mọ́ ojú. Ó ti pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn gbẹ̀yìn. Ó ní bí àìsàn bá gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn, kò ní í gba ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó ní kí Bethany ṣáà ti fẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn yẹn, ojú rẹ̀ á là. Dókítà ní ìrìn náà jìn, pé ó lè dà á láàmú. Tàjùdéèn dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó jáde, ó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì Philippines.

Bethany sunkún nínú bàálù títí tó fi sùn lọ.

Ibùdó ìgbafẹ́ náà tóbi tó ìlú kékeré. Ilé àtijọ́ lọ́tùn-ún, ilé àtijọ́ lósì, gbogbo wọn ń dán, kò sí ẹni tó ń dáná nínú ọ̀kankan. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ aṣọ ayé àtijọ́, àwọn àlejò ń ya fọ́tò. Ọmọbìnrin kan ló ń mú wọn káàkiri, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe sàmì sí pákó kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tú u, àti bí wọ́n ṣe pààrọ̀ àwọn tó ti jẹrà. Nígbà tí Rahmah sọ fún un pé ilé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti bàbá ìyá òun, ọmọbìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí wọ́n dé ilé náà, ó ká okùn tí wọ́n fi ń dá àlejò dúró kúrò, ó ní kí wọ́n gòkè.

Bethany di ọwọ́ àtẹ̀gùn mú, ó ń gùn ún díẹ̀díẹ̀. Tàjùdéèn tẹ̀lé e, ó ń ṣe àdúà sínú. Nínú yàrá òkè, Bethany lọ tààrà sídìí fèrèsé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ti ṣe é rí. Rahmah di apá bàbá rẹ̀ mú. Níta, níbi tó yẹ kí odò wà, omi ìlúwẹ̀ẹ́ aláwọ̀ búlúù ni, àwọn ọmọdé ń fò sínú rẹ̀.

Bethany wò ó pẹ́. Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà, ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní èdè wọn. Ọmọbìnrin náà wolẹ̀.

"Kí ló sọ?" Tàjùdéèn bèèrè.

"Ó ní ilé yìí dára púpọ̀, sà. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé."

Bethany gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó wo ojú ọkọ rẹ̀. "Uwi na tayo."

Rahmah kọjú sí ògiri. Tàjùdéèn la ẹnu láti sọ lọ́la, ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ó ní kí ọmọbìnrin náà bá òun bi í, ilé wo, níbo ló wà. Ọmọbìnrin náà bi í. Bethany ronú, ó la ẹnu, ó tún pa á dé.

"Kò mọ̀, sà."

Tàjùdéèn bá jókòó sórí àga àtijọ́ kan tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí ẹnikẹ́ni má jókòó. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde. Bethany dúró tì í, ó ń retí, títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, tó gbé báàgì kalẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé Peckham, ìrọ̀lẹ́ dé, Tàjùdéèn ń wo ẹnu ilẹ̀kùn. Bethany kò dìde. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Kò bèèrè ilé mọ́. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wò ó ní àìsàn náà ló ń lọ síwájú, kì í ṣe ìrìn àjò náà ló fà á, kí wọ́n má dá ara wọn lẹ́bi.

"Daddy, at least ara tù ú báyìí," Rahmah sọ. "Kò sunkún sídìí door mọ́."

"Nígbà tó ń bèèrè, ó ṣì ń retí nǹkan," Tàjùdéèn dá a lóhùn. "Èmi ni mo mú un lọ rí i pé ilé tó ń bèèrè kò sí níbẹ̀."

Rahmah dìde. Ó lọ gbé omi tíì kaná.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Tàjùdéèn lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí tó wà ní Old Kent Road. Àlàájì Roqeeb, tí wọ́n jọ máa ń tò sáàfù kan náà, bèèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀. Tàjùdéèn ní, "Àlùhàmúdùlílàhì." Bí wọ́n ti forí kanlẹ̀, ó wá ohun tí yóò bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìwòsàn, ẹnu rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ilé, kò mọ èwo. Ó wá a títí, kò rí ìkankan. Lèmọ́mù kábàrá, àwọn èèyàn gbórí sókè, òun náà sì bá wọn gbé tirẹ̀.