Ẹni Tó Di Okùn Mú

Gbà, gbà, gbà. Lẹ́yìn náà, gbìì.

Ìró tí Lukman gbọ́ nìyẹn nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ajílété, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣa ẹyìn nítòsí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga. Korobá tó kún fún òkúta ló bọ́ mọ́ ẹni tó ń fà á lọ́wọ́, tó ń gbá ara ògiri kànga lọ sísàlẹ̀, ènìyàn sì wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn gbìì yẹn, wọ́n pe orúkọ ọkùnrin náà títí, kò dáhùn. Wọ́n ní ẹni tó di okùn mú ti mu ẹmu wá síbi iṣẹ́.

Ọdún ti gorí ọdún. Irun Lukman ti ń funfun, òun náà sì ti di agbẹ́kànga ní Ayétòrò, ṣùgbọ́n ìró náà ò kúrò létí rẹ̀. Òun ló tún gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, nígbà tó gbé ike omi àlùwàlá tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí omi ń ta sílẹ̀ kó tó kan ojú. Ó gbé ike náà kalẹ̀, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ abíyá.

"Ọyẹ́ ni," ó sọ fún ara rẹ̀. "Ọyẹ́ ọdún yìí le."

Ẹni méjì níí ṣe iṣẹ́ kànga nílẹ̀ Yewa. Ọ̀kan á wọlẹ̀ lọ máa gbẹ́, ìkejì á dúró lókè máa fa erùpẹ̀ àti òkúta jáde. Ẹni tó ń wọlẹ̀ lè mu ọtí tó bá wù ú, kò sẹ́ni tí yóò bá a wí. Ta ló lè fi ojú lásán wo ọ̀gbun tó ṣókùnkùn bẹ́ẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ́ sínú rẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹni tó di okùn mú kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí. Láti ìgbà tí ti Ajílété ti ṣẹlẹ̀ ni àwọn àgbà iṣẹ́ ti fi òfin kan lélẹ̀: kí ẹni tó fẹ́ wọlẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀, yóò kọ́kọ́ gbọ́ òórùn ẹnu ẹnìkejì rẹ̀. Bó bá gbọ́ òórùn ọtí, iṣẹ́ ọjọ́ náà parí nìyẹn.

Ìyẹn ò jẹ́ ìnira fún Lukman. Mùsùlùmí ni, ọtí ò kan ètè rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, ó sì máa ń fi yangàn. Ohun tó ń mu ni àgbo. Okùn kànga á gba orí igi tó dábùú ẹnu kànga, á wá yí ìbàdí rẹ̀ po, òun á fi ẹsẹ̀ tilẹ̀, á máa fi ẹ̀yìn fà. Bí kànga bá ṣe jìn tó ni owó wọn ṣe ń tó, nítorí náà, kò sáyè pé ẹ̀yìn ń dunni, ẹ jẹ́ ká sinmi. Òpá ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Ni Toyibat alágbo bá gbé egbò àti èèpo igi tó rẹ sínú ògógóró wá fún un. Ife kan ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó tún yá, bí Toyibat bá ti kọjá náà ni. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Àwọn tí wọ́n jọ ń kírun gan-an ń mu ún. Bí Ọdẹkúnlé, ẹnìkejì rẹ̀, bá gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, yóò kàn ní, "Àgbo ni," yóò sì wọlẹ̀ lọ.

Ọdẹkúnlé yìí, àbúrò Àrìnpé ìyàwó rẹ̀ ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Àrìnpé fi fà á lé Lukman lọ́wọ́ pé kó kọ́ ọ níṣẹ́.

Ilé tí Ìyáàfin Kọ́mọláfẹ́ ń kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti ń gbẹ́ kànga lọ́sẹ̀ náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ le, omi sì jìnnà. Obìnrin náà sì ti wá dúró lé wọn lórí lánàá. "Àwọn ọmọ ti fẹ́ wọlé o, ẹ̀yin bàbá wọ̀nyí. Ṣé itọ́ ni wọ́n á máa fi wẹ̀ ni?" Nítorí náà, oòrùn ò tíì yọ dáadáa tí wọ́n fi dé ibi iṣẹ́. Toyibat ò tíì dé. Ó lọ já èèpo igi ní Ìmáṣàyí lánàá, ó sì sùn síbẹ̀.

"Ẹ yanu, Ẹ̀gbọ́n," Ọdẹkúnlé wí.

Lukman yanu. Ọdẹkúnlé fi imú sún mọ́ ọn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ẹnu yín mọ́ lónìí bí ẹnu ọmọ tuntun! Ìyá Alágbo ò tíì dé ni?"

"Kò tíì dé."

"Ẹ̀yin àti obìnrin yìí! Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò kúkú gbọ́ nílé."

"Wọlẹ̀ jàre, aláròyé."

Ọdẹkúnlé fi eyín já ọ̀rá ọtí kékeré kan, ó da gbogbo rẹ̀ sọ́nà ọ̀fun, ó fa ojú ro. Ó wá di okùn mú, ó fi ẹsẹ̀ wá àwọn ihò tó wà lára ògiri, ó ń lọ sísàlẹ̀, títí orí rẹ̀ fi di nǹkan kékeré kan nínú òkùnkùn, tí òun náà fi wá pòórá.

Korobá àkọ́kọ́ gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìkejì náà gòkè. Lẹ́yìn náà, òógùn bo Lukman, òógùn tútù, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ń fẹ́. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí nǹkan. Ó gbọ́ tí Ọdẹkúnlé fi irin kan korobá nísàlẹ̀, kó-kó-kó, ìyẹn ni pé kó máa fà á. Ó fà á. Korobá náà wúwo, òkúta ló wà nínú rẹ̀. Ó dé agbedeméjì kànga ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Kì í ṣe bó ṣe gbọ̀n nídìí àlùwàlá ni o. Eléyìí gba ìka dé ìgbọ̀nwọ́, ó gba ìgbọ̀nwọ́ dé èjìká. Okùn ń gbọ̀n, igi tó dábùú ń ké, korobá ń jó láàárín afẹ́fẹ́, ó ń kọlu ògiri lọ́tùn-ún lósì. Ó fẹ́ rọra dá a padà sísàlẹ̀, okùn fẹ́ sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fẹ́ fà á, apá rẹ̀ ò gbé e. Òkúta kan yọ lẹ́nu korobá, ó já bọ́. Lukman gbọ́ ariwo láti ìsàlẹ̀, ariwo ènìyàn.

"Ọdẹkúnlé!"

"Ẹ̀gbọ́n! Èjìká mi o! Kí lẹ̀ ń ṣe lókè yẹn?"

"Lẹ̀ mọ́ ògiri! Má kúrò lára ògiri!"

"Ẹ kàn rọra máa fà á. Mo ti lẹ̀ mọ́ ọn."

Ohùn rẹ̀ ti balẹ̀. Ohun tó kó ìpayà bá Lukman jù nìyẹn, pé ohùn ọmọkùnrin náà balẹ̀. Ọmọ tí a gbé pọ̀n, wọ́n ní kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ó kígbe sí òpópónà, kò sẹ́ni tó dáhùn. Àwọn bíríkìlà ò tíì dé. Okùn ń jẹ ẹran àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ń ronú ohun tí yóò sọ fún Àrìnpé, ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde.

"Àgbo dé o! Òpá ẹ̀yìn ńkọ́, jẹ̀díjẹ̀dí ńkọ́..." Toyibat yọ ní kọ̀rọ̀ ilé, ọpọ́n àgbo lórí rẹ̀. Ó rí i. "Yéè! Ẹ̀yin bàbá!"

Ó gbé ọpọ́n sílẹ̀, ó sáré di ìdí okùn mú, ó fi ẹsẹ̀ ti òkúta. Alágbára obìnrin ni. Korobá dúró lójú kan, ṣùgbọ́n kò gòkè.

"Ẹ jẹ́ ká jọ fà á! Ó yá!"

"Fún mi," Lukman wí.

"Kí n fún yín ní kí ni?"

"Àgbo. Dà á sí mi lẹ́nu."

Obìnrin náà wò ó. Ó yí okùn mọ́ apá ara rẹ̀ kan, ó fi ọwọ́ kejì mú ìgò, ó fi eyín ṣí i, ó gbé e sí Lukman lẹ́nu. Lukman gbé e mì bí ẹni tí òùngbẹ aṣálẹ̀ ń gbẹ. Ó dà á sí àyà, ó dà á sí irùngbọ̀n, ó tún gbé e mì. Àgbo náà ń jó o lọ sísàlẹ̀. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì, wọ́n kàn di okùn mú. Díẹ̀díẹ̀, gbígbọ̀n náà rọlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fún lọ́mú. Ìka rẹ̀ padà di ìka. Ó fà á, korobá gòkè.

Nígbà tí Ọdẹkúnlé jáde, ẹ̀jẹ̀ wà léjìká rẹ̀, kò pọ̀. Ó jókòó sórí òkìtì erùpẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àwàdà sì ti dé ẹnu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ sọ òkúta sin mí láàyè ni? Owó orí ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ san ò tó ìyẹn o!"

"Ẹ̀yìn ló mú wọn," Toyibat dáhùn. "Bí mi ò bá dé ńkọ́? Ẹ̀yin náà ẹ rí bí àgbo mi ṣe ń ṣiṣẹ́. Bó ṣe kan ọ̀fun báyìí, ló ti dé ibi tí wọ́n rán an."

"Ẹ máa tètè dé o, Ìyá Alágbo. Erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ ti ń tutù, a ó kan omi lọ́la. Ẹ rí i pé wọ́n ti mu tiwọn kí n tó wọlẹ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lukman ò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú, ó ń wò ó. Ó dúró ṣinṣin. Ó wá fi ọwọ́ náà kan ìdí ẹ̀yìn. Ó ń dùn ún. Bó ṣe dùn ún láàárọ̀ náà ló ṣe ń dùn ún. Àgbo ò fọwọ́ kan ibẹ̀.

Ìgbà náà ló rántí Ifákẹ́mi, ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́nu ọ̀nà ọjà nígbà kan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọwọ́ méjèèjì ni Ifákẹ́mi fi ń gbé ife sẹ́nu, ife náà á sì máa kọlu eyín rẹ̀. Bó bá ti mu ti àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ á dúró, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lukman máa ń pòṣé bó bá ń kọjá. Ó máa ń ní, "Ọ̀mùtí," kó tutọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun mọ̀gáríbì, ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ilé, Àrìnpé ń fi òrí pa èjìká àbúrò rẹ̀, ó ń bú u pé kì í wo iwájú. Ọdẹkúnlé ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe, ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ó dàárọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ. Lukman gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ó yẹ kó pè é padà. Kò pè é.

Bí kò bá di okùn mú, kí ni yóò máa ṣe? Ta ni yóò gbé iṣẹ́ fún un ní ọjọ́ orí yìí? Ọwọ́ rẹ̀ sì ti tún ń bẹ̀rẹ̀, ní ìka kékeré. Ó mọ ohun tí yóò mú un dákẹ́. Toyibat ti fi ìgò kan sílẹ̀ fún un, ó ní kó máa fi sùn.

Ó kọ ọ́ sórí fóònù pé, "Ẹ̀yìn ń dùn mí, mi ò ní lè wá lọ́la." Ó wò ó. Ó mọ èsì tí Ọdẹkúnlé yóò fún un: yóò lọ kan ilẹ̀kùn Toyibat, yóò sì gbé àgbo wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó pa á rẹ́. Ó tún òmíràn kọ, ó tún pa á rẹ́. Ìka rẹ̀ ń tẹ lẹ́tà méjì níbi tó yẹ kó ti tẹ ẹyọ kan, ó ń padà ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan. Níkẹyìn, ó fi èyí ránṣẹ́:

"Ọdẹkúnlé, má wọ kànga lọ́la. Wá ẹlòmíràn tí yóò di okùn mú fún ọ. Kì í ṣe ẹ̀yìn ló ń ṣe mí."